Bí Wọ́n Ṣe Ń Parí Ìjà Lórí Òkè Yẹn

Inú ṣọ́ọ̀bù àga wa ni tẹlifíṣọ̀n náà wà, lórí pẹpẹ, láàárín agolo gúlúù àti ìdì fóòmù. Ọkọ mi ló ni ṣọ́ọ̀bù. Òun ló ń gé igi, àbúrò rẹ̀ ń kàn án pọ̀, èmi ń rán aṣọ tí a fi ń bo àga. Ọkùnrin kan tó ń kun àga tún wà pẹ̀lú wa, Fáníìṣì là ń pè é. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Àbúrò ọkọ mi, n kò lè pe orúkọ rẹ̀, ìyàwó ni mí. Agùntáṣọọ́lò ni mò ń pè é, torí ó ga, aṣọ sì máa ń yẹ ẹ́.

Ètò kan ló mú wa. Kì í ṣe eré tí wọ́n kọ fún òṣèré o. Èèyàn gidi ni wọ́n. Wọ́n ń gbé lórí òkè kan tí yìnyín bò, awọ ewúrẹ́ ni wọ́n ń wọ̀, ẹ̀rín ṣọ̀wọ́n lẹ́nu wọn. Wọ́n gbé kámẹ́rà lọ bá wọn, wọ́n ń ya bí wọ́n ṣe ń gbéyàwó, bí wọ́n ṣe ń sìnkú, bí wọ́n ṣe ń jà. Ẹnì kan á máa ṣàlàyé fún wa. Lákọ̀ọ́kọ́, mo ní, kí ni mò ń wò yìí? Nígbà tó yá, bí àsìkò rẹ̀ bá ti tó, ẹ̀rọ ìránṣọ mi á dákẹ́. Ayùn ọkọ mi á dákẹ́. Oníbàárà tó bá wọlé, á dúró dè wá.

Ìjà wọn ló wọ̀ wá lẹ́wù jù. Bí ẹni méjì bá ní aáwọ̀, wọ́n á so ọwọ́ òsì wọn pọ̀. Wọ́n á wá máa fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ara wọn, ìkan tèmi, ìkan tìẹ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ á máa kán sórí yìnyín. Ibẹ̀ gan-an ni ìpolówó ọṣẹ máa ń já wọlé. Tí wọ́n bá fi padà dé, àwọn méjèèjì ti jókòó, ojú wọn wú bí búrẹ́dì, wọ́n ń mu wàrà nínú abọ́ kan náà. Bí ìjà ṣe parí, ta ló parí ẹ̀, a ò rí i rí. Kò sì sẹ́ni tó béèrè.

"Àwọn wọ̀nyí gbọ́n," ni ọkọ mi máa ń wí. "Wọn ò ní jókòó máa di kùnrùngbùn. Wọ́n á gbá a jáde ni."

Mo máa ń wo ojú rẹ̀ tó bá ń sọ ọ́. Ara mi ò balẹ̀.

Ojú ọkọ mi ti ń ṣe bàìbàì. Gbogbo wa la mọ̀, a ò kàn sọ ọ́ ni. Ó gé ẹsẹ̀ àga obìnrin kan, ọ̀kan kúrú. Obìnrin náà jókòó, àga ń mì. Ọkọ mi ní ilẹ̀ ni ò tẹ́jú. Agùntáṣọọ́lò bá la ẹnu níwájú oníbàárà:

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹ ò ríran mọ́. Ẹ jẹ́ kí n máa gé e."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Bó ṣe lọ tán, ọkọ mi fa bẹ́líìtì kan yọ, okùn fífẹ̀ tí à ń kàn sábẹ́ tìmùtìmù. "Mú ọwọ́ òsì ẹ wá."

"Èmi ni oníkámẹ́rà o!" Fáníìṣì gbé agolo ọ́dà sójú.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi sílẹ̀. Màá ṣe yín léṣe."

"Èmi afọ́jú yìí lo fẹ́ ṣe léṣe? Mú un wá!"

Ọmọ ìyá méjì. Wọ́n so ó. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ gbá a, etí ló bá. Àbúrò dá a padà, ó rọra ṣe é, mo rí i pé ó rọra ṣe é. Ìyẹn ló tún bí ọkọ mi nínú. "Ṣé ọmọdé lò ń bá ṣeré ni?" Ó di ẹ̀ṣẹ́. Ó di imú. Eyín kan fò sórí fóòmù funfun, mo rí i níbi tó balẹ̀ sí. Fáníìṣì sọ agolo kalẹ̀. Wọn ò yẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń mí bí ẹran tí wọ́n dè mọ́lẹ̀, ìkan tèmi, ìkan tìẹ, aṣọ àwọn méjèèjì ti pọ́n. Mo ń pariwo pé bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Wọn ò gbọ́ mi. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró. Ta ni ì bá kọ́ wọn?

Mo rí ọwọ́ ọ̀tún ọkọ mi. Ó ń wá nǹkan lórí tábìlì. Ó kan òòlù.

"Ó tó!" mo ní. "Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń parí ẹ̀! Ìyàwó ilé ló ń tú u! Tó bá ti sọ pé ó tó, ó parí nìyẹn!"

Ọwọ́ dúró.

"Ìgbà wo lo rí i?" ọkọ mi ní.

"Ọjọ́ tí ẹ sùn lọ."

Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wò ó tó mi, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo tú okùn. Ìka mi ń yọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Ó-Tó ni Fáníìṣì ń pè mí. Àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀. Èmi ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ mi.

Ọjọ́ tí ètò náà parí pátápátá, gbogbo wa jókòó. Àwọn ọkùnrin méjì ń gbára wọn lórí òkè. Ìpolówó ò wọlé. Ọ̀kan ṣubú, kò dìde. Kò sí obìnrin kankan níbẹ̀. Èyí tó dúró tú okùn fúnra rẹ̀, ó gbé ẹni tó ṣubú pọ̀n, ó ń lọ. Alálàyé ní ilé ara rẹ̀ ló ń gbé e lọ, á máa tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi yá. Ó tán.

"Ìyá Ó-Tó," Fáníìṣì ní, "iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn." Òun fúnra rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi wò mí. Ó lọ mú bẹ́líìtì.

Agùntáṣọọ́lò ló na ọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. "Ẹ parí ẹ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ó ti sú mi."

Mo dì mọ́ ẹ̀yìn ọkọ mi. Ìgúnpá rẹ̀ bá mi lẹ́nu, ètè mi là. Mo ṣubú sáàárín àkékù igi, ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ. Gbà. Gbà. Nígbà tó pẹ́, ìró ọwọ́ kan ṣoṣo ni mò ń gbọ́. Nǹkan ya nínú àgbọ̀n èèyàn, bí igi tútù ṣe ń ya. Agùntáṣọọ́lò wó, ó fi orí sọ etí tábìlì ayùn, ọwọ́ rẹ̀ fa ọkọ mi lulẹ̀ tẹ̀lé e.

Ọkọ mi tú okùn. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ gbé e lé mi lẹ́yìn."

Èmi àti Fáníìṣì gbé e lé e. Ó ga ju ẹni tó pọ̀n ọ́n lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀ títí dé yàrá wa. Nọ́ọ̀sì kan wá rán ojú rẹ̀, ó ní ká gbé e lọ sí ọsíbítù. Ọkọ mi ní òun ló máa tọ́jú rẹ̀. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Òun ló ń fún un lómi, òun ló ń nu ìtọ́ rẹ̀. Èmi ń ṣọ́ èémí rẹ̀, mo tún ń ṣọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Bí ara ṣe ń yá sí i, ọwọ́ yẹn ń di ìkúùkù lórí ibùsùn.

Lọ́jọ́ kan, Agùntáṣọọ́lò lajú dáadáa. Ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé abọ́ dání.

"Ìyàwó wa."

"Ẹ̀yin ọkọ mi."

"Ẹni tó ṣubú yẹn. Tí ara ẹ̀ bá yá tán, kí ló máa ń ṣe?"

Wọn ò fi ìyẹn hàn wá. Ọkọ mi náà dúró, ó ń retí ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé ohun tó bá ti ẹnu mi jáde ni wọ́n máa ṣe.

"Ó máa ń kó lọ," mo ní. "Á lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ níbòmíràn. Wọn kì í so okùn mọ́ láéláé. Wọ́n á kàn máa kí ara wọn lókèèrè."

"O rí i?" ọkọ mi béèrè.

"Mo rí i."

Agùntáṣọọ́lò tẹjú mọ́ mi, mo sì rí i pé ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ìkúùkù rẹ̀ ṣí díẹ̀.

"Tún un sọ," ó ní, "kí Bọ̀ọ̀dá gbọ́ ọ dáadáa."

Mo tún un sọ.