Ariwo Ẹ́ńjìnnì Orest

Gbogbo ìlú ló ń dúpẹ́ pé ẹ́ńjìnnì tuntun tí wọ́n gbé sí gbọ̀ngàn yìnyín wa kì í pariwo. Èmi ò bá wọn dúpẹ́.

Ilé wa kọjú sí gbọ̀ngàn náà gan-an, níbi tí àwọn ọmọ ti ń gbá hóòkì lórí yìnyín, ní ìlú kékeré wa ní ẹkùn Saskatchewan, ilẹ̀ òtútù. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni Orest ọkọ mi ti ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó ń mú yìnyín dì, títí irun rẹ̀ fi funfun. Ariwo ẹ́ńjìnnì yẹn ló ń bá wa jẹun, òun ló ń bá wa sùn. Bó bá ti dákẹ́ báyìí, Orest ti ń wá bàtà, torí yìnyín fẹ́ẹ́ yọ́ nìyẹn.

Nígbà tí iyè rẹ̀ ń ra, ó gbàgbé orúkọ mi, kò gbàgbé ariwo yẹn. Tí ara rẹ̀ ò bá balẹ̀, màá ṣí fèrèsé díẹ̀ kó lè gbọ́ ọ. Ara rẹ̀ á sì rọlẹ̀.

Larysa ọmọ wa ni alága ìgbìmọ̀ tó tún gbọ̀ngàn náà ṣe. Owó iná ti fẹ́ẹ́ ti ibẹ̀ pa. Ó ta pírógì, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ọ̀dùnkún sínú, láti fi kó owó jọ, títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Wọ́n tún òrùlé ṣe kí òtútù má baà jò jáde, wọ́n pààrọ̀ ilẹ̀kùn, wọ́n sì fa ooru ẹ́ńjìnnì tuntun wọ yàrá tí àwọn ọmọ ti ń wọ bàtà.

"Màámi, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, àbí?" Larysa ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí wọ́n tan án. "Ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn o."

"Bàbá ẹ náà ò gbọ́ nǹkan kan," mo ní. "Wò ó."

Orest ti ń so okùn bàtà. "Ó ti kọṣẹ́," ló ń sọ. "Àwọn ọmọ sì fẹ́ gbá hóòkì lọ́la."

A mú un lọ wò ó. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì tuntun náà, ó wo Larysa tàánútàánú. "Ọmọbìnrin yìí, ta ló tà á fún ẹ? Òkú ni wọ́n tà fún ẹ."

Larysa rẹ́rìn-ín. Inú mọ́tò ló ti sunkún.

Mo kó bàtà Orest pamọ́ kó má baà jáde lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń din àlùbọ́sà, mo yíjú padà, àga ti ṣófo. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wọ̀ jáde sínú yìnyín ìta. Ẹnu ilẹ̀kùn yàrá ẹ́ńjìnnì ni Larysa ti bá a, níbi tó ti ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ àtijọ́ gún ihò ilẹ̀kùn tuntun. Òtútù ti mú kí ìka rẹ̀ le gbagidi.

Ní ọsibítù, Orest kò gbà láti sùn. "Ó ti dákẹ́. Ẹ jẹ́ n lọ."

Larysa gbé ẹnu sí i létí. "Hùùù."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn," mo ní. "Ẹ́ńjìnnì yẹn máa ń há lọ́fun díẹ̀ kó tó dún jáde."

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Hùù-kẹ̀. Hùù-kẹ̀."

Èjìká Orest rọ̀. "Ta ló wà nídìí ẹ̀?"

"Larysa ni, Bàbá."

"Larysa. Má fi í sílẹ̀ o."

"Mi ò ní fi í sílẹ̀."

Ó pa ojú dé. Ọmọ mi ń bá a lọ títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì wọlé, ó di ọwọ́ Orest mú, ó wò mí, ó sì mi orí. Larysa rí i. Kò dákẹ́. Èmi náà ò sì lè sọ fún un pé kó dákẹ́.