Tẹlifíṣọ̀n Tó Ń Ṣẹ́jú

Bí ẹ bá ní kí Mẹ̀dínátù, ìyàwó Bàrúwà, sọ ohun tó dùn ún jù láyé, kò ní dárúkọ àìsàn, kò ní dárúkọ òfò ọjà. Tẹlifíṣọ̀n ni yóò dárúkọ. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ó ní ṣọ́ọ̀bù géèmù kan ní Ayétòrò, lẹ́bàá ọ̀nà Ìlaró. Àwọn ọmọ ilé ìwé àti àwọn ọlọ́kadà tí kò rí èrò gbé ní ń wá gbá bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀. Nígbà tí èrò pọ̀, ó ra tẹlifíṣọ̀n ńlá kan tó gba ẹnubodè wọlé, irú èyí tí wọ́n ń pè ní OLED. Ó tinrin bíi páálí, bí ibi tó dúdú bá sì dé nínú àwòrán, á dúdú bí ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Àwọn èèyàn ń ti Ọjà-Ọ̀dàn wá wò ó.

Sàláúdéènì, àbúrò Bàrúwà, ló fa iná sínú ṣọ́ọ̀bù náà. Oníṣẹ́ iná ni, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ṣùgbọ́n Mẹ̀dínátù kì í pè é ní Sàláúdéènì. Nígbà tí wọ́n gbé e wọlé ọkọ, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọkùnrin náà, òun ló ru àpótí aṣọ ìyàwó wọ yàrá. Ẹ mọ̀ pé àṣà wa ò béèrè ọjọ́ orí: ẹni tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Mẹ̀dínátù wo bí ọmọ náà ṣe dúdú tó ń dán, ó sọ ọ́ ní Dúdúyẹmí. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn débi pé nígbà tó gba fúríìdọ̀mù iṣẹ́ iná, ó fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sára àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. "Ìyàwó wa" lòun náà ń pè é, kódà lẹ́yìn tó bí Toheebat ọmọ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí tẹlifíṣọ̀n náà fi bẹ̀rẹ̀ ìránù. Bí ẹnì kan bá ń gbá géèmù eré ọkọ̀, tí ọkọ̀ bá ti wọ ibi òkùnkùn, ojú tẹlifíṣọ̀n á máa ṣẹ́ pẹ́pẹ́pẹ́. Ní tiwa níhìn-ín, bí gílóòbù bá ṣẹ́jú, iná ni. Bí fìríìjì bá kérora, iná ni. Iná ìjọba ti fojú wa rí nǹkan tó bẹ́ẹ̀ tí a ò fi mọ ẹlẹ́bi mìíràn mọ́. Mẹ̀dínátù ra sitabiláísà, ó ń ṣẹ́jú. Ó tan jẹnẹrétọ̀, ó ṣì ń ṣẹ́jú. Ni Fadékẹ́mi, tó ń ta omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bá sọ ọ́ sí i létí pé àwọn oníṣẹ́ iná a máa fi wáyà gidi pamọ́, wọn a fi èyí tó tín-ín-rín sínú ògiri.

Sàláúdéènì wá. Ó fi míta yẹ gbogbo ojú iná wò, ó ní iná náà gún régé. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí ẹni tó létí gbọ́.

"Ìyàwó wa, nígbà tí a wo fíìmù lánàá, kò ṣẹ́jú. Géèmù nìkan ló ń ṣẹ́jú fún. Ṣé iná mọ̀yàtọ̀ fíìmù sí géèmù ni?"

Mẹ̀dínátù ò gbọ́. Ọjọ́ ìdíje ni, ṣọ́ọ̀bù kún dẹ́nu, àwọn tó ń sáré ọkọ̀ ti ń pariwo pé àwọn ò rí ọ̀nà, inú sì ti ń bí i láti àárọ̀. Ó dìde lójú gbogbo wọn.

"Sàláúdéènì, ìwọ lo jí wáyà mi."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Ọkùnrin náà kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àpótí, ó sì jáde. Bàrúwà ò bá ìyàwó rẹ̀ jà nílé. Ó kàn ní, "Àbúrò mi lo pè bẹ́ẹ̀," ó sì lọ kírun.

Ọ̀rọ̀ náà kárí Ayétòrò. Ta ni yóò tún gbé iṣẹ́ ilé rẹ̀ fún ẹni tí ìyàwó ilé wọn fẹnu ara rẹ̀ pè lólè? Kí oṣù mẹ́ta tó pé, Sàláúdéènì ti kó lọ sí Ìwòyè-Kétu, ó lọ ń gbin ẹ̀gẹ́.

Ọdún kejì ni Hussainat, ọmọ ẹ̀gbọ́n Mẹ̀dínátù, wá kí i. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà lọmọ náà ń kọ́ ní Ìlaró. Ó rí i bí tẹlifíṣọ̀n ṣe ń ṣẹ́jú, ó mú páàdì géèmù, ó wọ inú sẹ́tíǹgì, ó pa ètò tó ń mú kí tẹlifíṣọ̀n máa bá ẹ̀rọ géèmù sáré, ó sì so iye àwòrán tó ń wọlé mọ́ ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú méjì kò pé, tẹlifíṣọ̀n náà ò ṣẹ́jú mọ́. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀rọ géèmù kì í rán àwòrán wá ní ìwọ̀n kan náà, tẹlifíṣọ̀n sì ń sáré tẹ̀ lé e. Ó ní ó dà bí ẹni méjì tó ń gún iyán: bí ọ̀kan bá ń yí ọwọ́ padà ṣáá, ọmọ odó èkejì á máa ṣìnà. Ibi tó dúdú lojú ti ń rí i.

"Iná ò lọ́wọ́ sí i rárá, Àǹtí," ló wí.

Mẹ̀dínátù jókòó sílẹ̀. Ojú tì í, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún gan-an. Ọ̀rọ̀ tí Dúdúyẹmí sọ náà nìyẹn, òun tó lóun gbọ́n ni kò gbọ́.

Ní ọjọ́ kejì ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìwòyè. Ó bá ọkùnrin náà níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ó kúnlẹ̀ nínú èèpo, ó rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi ẹ̀bi rẹ̀ kankan pamọ́. Sàláúdéènì gbọ́ ọ parí, ó nu ọwọ́, ó gbé e dìde.

"Mo ti dárí jì yín tipẹ́, Màmá Toheebat."

Ọkàn obìnrin náà balẹ̀ díẹ̀, ó ń retí kó pe òun ní Ìyàwó wa. Kò pè é bẹ́ẹ̀. Mẹ̀dínátù fúnra rẹ̀ ló wá pe orúkọ àtijọ́.

"Dúdúyẹmí, ẹ ṣeun."

Ọkùnrin náà wo ẹ̀gbẹ́ ògiri. Àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, àgbàdo tí wọ́n fẹ́ gbìn ló kún inú rẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà funfun náà kúrò lára rẹ̀.

"Sàláúdéènì ni kí ẹ máa pè mí," ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. "Gbogbo Ayétòrò ló gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Tẹlifíṣọ̀n náà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó mọ́ kedere, àwọn oníbàárà sì ń yìn ín. Mẹ̀dínátù ti yí àga rẹ̀ padà. Ẹ̀yìn ló ń kọ sí i.