Bàtà Inú Àdìrò

Inú bí Nedra Halvorsen tó bẹ́ẹ̀ tó fi ká ìwé eré ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ bí ọ̀pá. Ọjọ́ Ajé ni. Gbogbo wọn jókòó yí tábìlì gígùn ká ní sítúdíò wọn ní Burbank, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, tí kálukú á ka ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sókè kí àwọn ọ̀gá tẹlifíṣọ̀n lè gbọ́. Ó ti pẹ́ tí Nedra ti ń ṣe ìyá nínú Ilé Àwọn Tolliver, eré apanilẹ́rìn-ín tí odindi Amẹ́ríkà ń sáré jẹun tán kí wọ́n lè wò. Ìyá oníwà tútù ni wọ́n fi í ṣe, ìyá tí èébú kì í jáde lẹ́nu rẹ̀. “Mọ́mì” ni gbogbo ayé ń pè é, títí kan àwọn tó dàgbà jù ú lọ.

Nínú ìwé ti ọ̀sẹ̀ yìí, ìyá àgbà kan wá kí àwọn Tolliver. Ìyá náà ń ṣarán. Ó ki bàtà bọ inú àdìrò, ó ní tòlótòló tí wọ́n fi ń ṣọdún Ìdúpẹ́ lòún ń yan. Ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní Marlys, ọmọ tó ti kú. Àwọn ọ̀gá ń gbá tábìlì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín àrínfẹ́ẹ̀kú.

Kí ni wọ́n ń rín? Eunice, ìyá tó bí Nedra gan-an, ló ki bàtà bọ inú àdìrò lóṣù tó kọjá. Marlys lorúkọ ẹ̀gbọ́n Nedra tó kú ní kékeré, orúkọ yẹn náà sì ni Eunice wá ń pe Nedra báyìí. Ó ti lé lọ́dún kan tí Nedra ti gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ mọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún, tòun tẹkún, nídìí oúnjẹ ọ̀sán: Gil Sandoz, olórí àwọn tó ń kọ eré náà. Gil gbá a mọ́ra lọ́jọ́ náà. Ó fún un ní áńkáṣíìfù. Lẹ́yìn náà ló lọ kọ ọ́ sílẹ̀, aláìnítìjú ọkùnrin, kò tilẹ̀ yí orúkọ òkú padà.

Nedra ká a mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Gil, ìyá mi lo wá fi ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín?”

“Ó tì o, Nedra. Ìfẹ́ ni mo fi kọ ọ́. Ṣèbí mo kọ ti ìyàwó tó já mi jù sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá? Ohun tójú wa bá rí la fi ń jẹun níbí.”

“Ìyàwó ẹ mọ ohun tó rí kó tó sá. Yọ ọ́ kúrò!”

“Ó ti bọ́ o. Àwọn ọ̀gá ti fẹ́ràn ẹ̀, ìwọ náà rí wọn. Ó sì wà nínú àdéhùn ẹ: ohun tá a bá kọ ni wàá sọ. Fara balẹ̀ jàre, Mọ́mì.”

“Má pè mí ní Mọ́mì. Mi ò lè bí irú ẹ láéláé.”

Ọwọ́ Nedra ń yún un láti fọ́ ọ létí. Àmọ́ ohun tó ń já a láyà ju Gil lọ. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n bá ń ya eré náà níwájú àwọn òǹwòran, Eunice ló máa ń jókòó sí ìlà iwájú. Ọkùnrin tó ń dá wọn lára yá kí eré tó bẹ̀rẹ̀ á pariwo pé, “Ìyá tó bí Mọ́mì rèé o!” gbogbo èrò á sì pàtẹ́wọ́. Iyè Eunice ti rá sí ohun gbogbo, àfi ìyẹn. Wọ́n fẹ́ fi ìyá rẹ̀ ṣẹ̀sín, kò sì rọ́gbọ́n dá sí i, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ṣojú Eunice. Nedra bẹ Consuelo, obìnrin tó ń tọ́jú Eunice, pé kó gbé e lọ wo òkun lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Nedra dúró lẹ́yìn pákó tí wọ́n kùn bí ògiri, ó ń ṣán aṣọ ìdáná mọ́dìí, ló bá gbọ́ ariwo: “Ìyá tó bí Mọ́mì rèé o!” Ó yọjú, ó rí Eunice nínú kóòtù aláwọ̀ ojú ọ̀run rẹ̀, ó ń juwọ́ sí èrò. Consuelo ń ṣẹ́jú sí i láti ẹ̀gbẹ́, bíi pé kó dárí ji òun. Eunice ti wọ kóòtù yẹn láti àárọ̀, ó ní òun ò ní jẹ, òun ò ní mu, ó sì fẹ́ máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Kí Nedra tó ronú ohun tó máa ṣe, orin ti dún, iná ti tàn, wọ́n ti tì í jáde.

Obìnrin òṣèré tó dé irun funfun ṣí àdìrò, ó fa bàtà jáde, èéfín ń rú lára rẹ̀. “Marlys, wá tọ́ tòlótòló wò!” Ẹ̀rín bú.

“Marlys?” Eunice dìde. “Marlys dà?” Kí ẹnikẹ́ni tó dí i lọ́nà, ó ti gba àárín kámẹ́rà méjì kọjá, ó ti wọ ilé ìdáná. Ó rọra gba bàtà náà lọ́wọ́ òṣèré, ó sì kọjú sí èrò. “Kí lẹ̀ ń rín? Ọmọ ẹ̀ ló ń se oúnjẹ fún!”

Wọ́n rò pé ara eré ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn kan súfèé. Nedra wo ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà, ó rí Gil tó ń fọwọ́ yí afẹ́fẹ́ pé kí wọ́n máa yà á lọ, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tó rí owó he. Láìpẹ́, ojú ìyá rẹ̀ gan-an ni gbogbo Amẹ́ríkà yóò máa wò, tí wọ́n á máa rín.

“Ẹ dákẹ́!” ni Nedra pariwo. Ìyẹn tún pa wọ́n lẹ́rìn-ín sí i.

Ìgbà yẹn ló rántí ohun tí gbogbo ará sítúdíò mọ̀: ohun kan wà tí tẹlifíṣọ̀n ò lè gbé jáde. Ló bá gba iwájú ìyá rẹ̀, ó la ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú èébú. Ó dárúkọ ohun tó wà nínú ṣòkòtò Gil, ó sì sọ bó ṣe kéré tó. Ó dé orí ìdí baba Gil. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sára ògiri ilé ìgbẹ́ ló ń tò léra wọn, kò fi àlàfo sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fi gé wọn kúrò nínú eré. Kámẹ́rà tó bá yí, òun náà yí sí i, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín kú. Obìnrin kan di ọmọ rẹ̀ létí.

“Ẹ pa á! Ẹ pa kámẹ́rà!” Gil ń jó bí ẹni tí ìjàlọ ta. “O ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́! Iṣẹ́ ẹ ti bọ́!”

“Gbé e mì,” ni Nedra wí, ó sì fi ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí kan sìn ín.

Eunice sọ bàtà sílẹ̀, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

“Nedra!”

Nedra yíjú padà.

“Nedra Jean! Ta ló kọ́ ẹ lọ́rọ̀ rírùn yẹn? Bọ́ síbí!” Bó ṣe ń ṣe nígbà tí Nedra wà ní kékeré, ó mú ọṣẹ nídìí ẹ̀rọ omi, ó fẹ́ fọ ẹnu ọmọ rẹ̀. Ó yí ẹ̀rọ omi. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. “Ilé ta tiẹ̀ nìyí tí kò sómi?”

“Kì í ṣe ilé wa, Màmá. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.”

Wọ́n jọ jáde, Eunice ń bá a wí, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìdí mọ́tò, ó dá ìbáwí dúró, ó ń wo ojú ọ̀run, ojú rẹ̀ sì ń ṣú lọ bó ṣe máa ń ṣe tí iyè rẹ̀ bá fẹ́ tún rá. Ẹ̀rù ba Nedra. Kò sẹ́ni tó bínú sí níbẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ó tún sọ èyí tó burú jù nínú àwọn ọ̀rọ̀ yẹn, jẹ́jẹ́, létí ìyá rẹ̀.

Eunice gbá a lápá. “Nedra!”

Nedra tún sọ òmíràn.