Ilà Ojú Alhaji Làtíìfù

Nusaybah gbà pé kò sí fọ́tò tó wúwo jù tí òun ò lè sọ di fẹ́ẹ́rẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: ó máa ń ṣe wẹ́bsáìtì fún àwọn oníṣòwò Peckham, ó sì kórìíra wẹ́bsáìtì tó ń lọ́ra. Ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì ní Elephant and Castle, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège, kò ní jókòó de fọ́tò ẹnikẹ́ni. Á ti bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí Alhaja Àsúmáù gbé iṣẹ́ fún un, ó rò pé iṣẹ́ wẹ́rẹ́ ni. Alhaja àti ọkọ wọn, Alhaji Làtíìfù, ni wọ́n jọ dá ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ sílẹ̀ nítòsí Rye Lane. Alhaji kú lọ́dún tó kọjá, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa, àwọn oníbàárà sì gbà pé ó parí nìyẹn. Ní báyìí, Alhaja fẹ́ ṣí i padà. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún: kí ojú Alhaji wà níwájú wẹ́bsáìtì náà, kí àwọn èèyàn mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣì ni. Fọ́tò àtijọ́ kan ni wọ́n mú wá, níbi tí ọkọ àti ìyàwó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Nínú gbogbo fọ́tò tó kù nílé, òun nìkan ni Alhaji ò ti ní irùngbọ̀n tó bo ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Nusaybah gbé e sínú láptọ́ọ̀pù. Fáìlì náà wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì. Ó fún un pọ̀, ó tún un fún pọ̀, títí tó fi di fẹ́ẹ́rẹ́. Ó ṣí i lórí fóònù, kíá ló yọ. Orí rẹ̀ wú, ó sáré gbé e lọ fún Alhaja ní ṣọ́ọ̀bù.

Alhaja wọ awò ojú wọn. Wọ́n wo fóònù náà, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú.

"Mummy, ṣé ẹ like ẹ̀? Ẹ wo bó ṣe load, so fast!"

"Ta nìyí?"

Nusaybah rẹ́rìn-ín. Ó rò pé wọ́n ń bá òun ṣeré ni. "Alhaji ni now."

"Alhaji kọ́." Ohùn wọn ti yí padà. "Ilà ojú wọn dà?"

Ilà wo? Ọmọ tí wọ́n bí sí Sydenham, níbo ló ti fẹ́ mọ ilà? Alhaja rí i pé kò yé e. Wọ́n na ìka kan, wọ́n fà á wálẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ Nusaybah fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta, jẹ́jẹ́. Wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ kejì.

"Pélé nìyẹn," ni wọ́n wí. "Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London, mo sọnù ní Kennington. Mi ò gbọ́ English. Mo jókòó sí bus stop, mò ń sunkún. Ni ọkùnrin kan bá ń kọjá lọ, pélé lójú. Mi ò béèrè orúkọ ẹ̀ o. Mo kàn pariwo, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí!' Alhaji nìyẹn. Ilà yẹn ni mo fi mọ̀ pé mo ti rí ẹni tèmi. Tó o bá wá pa á rẹ́, kí ló kù?"

Ojú ti Nusaybah, ó sì dùn ún wọra. Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Tí èèyàn bá ń fún fọ́tò pọ̀, ohun tó tín-ín-rín, tí kò hàn ketekete, ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ máa ń dà nù, torí ó gbà pé kò sẹ́ni tó máa wá a. Ta ni yóò sọ fún kọ̀ǹpútà pé ìyàwó kan wà láyé tí yóò wá a?

Ó gbé láptọ́ọ̀pù lé orí tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ kí ilà hàn, fọ́tò á máa wọ́ lórí fóònù. Tó bá fún un pọ̀, ilà á tún pòórá. Ọ̀nà kan ló kù: kó gé ohun tí kò pọn dandan kúrò, kó fi ojú nìkan sílẹ̀, kó má sì fún un pọ̀ jù. Ó gé ògiri. Ó gé ilẹ̀kùn. Síbẹ̀ kò tíì fúyẹ́ tó. Ọwọ́ rẹ̀ wá dúró, torí ohun tó kù láti gé ni ọ̀dọ́bìnrin kan tó lo ìborùn funfun, tó fara ti Alhaji.

"Kí ló dé?" ni Alhaja bi í.

"Mummy, ẹ̀yin ló kù. Tí mo bá fi yín sílẹ̀, it will be slow. Mi ò lè gé yín kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, I can't."

Alhaja fi ìka kan ọmọbìnrin inú fọ́tò náà.

"Gé mi," ni wọ́n wí.

"Mummy..."

"Gé mi, ọmọ mi. Èmi wà níbí. Ẹni tó bá fẹ́ rí mi, kó ṣílẹ̀kùn kó wọlé. Alhaji ni wọn ò lè rí mọ́."

Nusaybah gé e. Kò pẹ́ tí fọ́tò náà fi yọ lórí fóònù, pẹ̀lú pélé lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Alhaja fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n sì kúnlẹ̀ kí ọkọ wọn.

"Ẹ káàbọ̀," ni wọ́n wí.