Ẹ̀rín Tí Prisca Rín ní Kútọ́nù

Ilé-ìwé gíga méjì ló gba Prisca lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tí ì bá máa jó kiri gbogbo Kpoulou, abúlé wọn, wá jókòó ti òkìtì ẹyìn, ó fajú ro bí ẹni tí wọ́n lé kúrò níléèwé. Ọ̀la ló gbọ́dọ̀ fèsì fún wọn. Oyèfúnkẹ́, ìyá rẹ̀, wà ní òdìkejì òkìtì náà, ó ń já ẹyìn kúrò lára ìdì.

Tìyá-tọmọ ni wọ́n jọ lọ wo ilé-ìwé méjèèjì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ti Àjàṣẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn sístà ìjọ Kátólíìkì. Aago ní ń jí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, aago ní ń sọ fún wọn pé kí wọ́n sùn. Àwọn ọmọbìnrin aláṣọ búlúù kúnlẹ̀ kí Oyèfúnkẹ́, wọ́n gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n bu omi fún un. Inú ìyá dùn ṣìnkìn. Prisca ní tirẹ̀ wo ọgbà náà yíká, ó mọ̀ pé òun yóò sá lọ kí oṣù tó parí.

Ti Kútọ́nù ni ọkàn rẹ̀ fà mọ́. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bá olùkọ́ wọn jiyàn, wọ́n ń pè é ní Lucien bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ ẹni, òun náà kò sì bínú. Ni ọkùnrin onírùngbọ̀n kan bá dìde láàárín wọn, ó ń bọ̀ wá pàdé àwọn àlejò. Oyèfúnkẹ́ rò pé ọ̀gá ilé-ìwé ni. Kí Prisca tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìyá rẹ̀ ti wà lórí eékún méjèèjì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọmọ mi rèé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀."

Judicaël ni ọkùnrin náà ń jẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwọn ni, irùngbọ̀n lásán ló fi dàgbà. Ẹ̀rín bú láàárín àwọn yòókù. Prisca náà sì rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́ o! Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, torí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ará oko. Judicaël, ọmọ ọlọ́mọ, ló fa ìyá dìde. Ọmọ tó bí ń nu ojú lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ojú ti ń ti Prisca. Ara rẹ̀ ń rí i lára. Ó wá pinnu, nídìí òkìtì ẹyìn yìí, pé òun yóò lọ síbi tí aago ti ń jí ènìyàn, kí òun jẹ ìyà ẹ̀ṣẹ̀ òun.

"Màmá, Àjàṣẹ́ ni mo máa lọ."

Oyèfúnkẹ́ kò gbójú sókè. "Kí ló dé? Kútọ́nù lo ti rẹ́rìn-ín. Látìgbà tí bàbá ẹ ti kú, n ò gbọ́ kí o rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà gún Prisca ju ẹ̀gún ẹyìn lọ. Ó ṣe é bíi kó dákẹ́, kí ìyá máa rò pé ayọ̀ ni. Kò lè dákẹ́.

"Màmá, ẹ̀yin ni mo rín."

"Mo mọ̀." Ìyá ju ẹyìn kan sínú agbọ̀n. "Eékún mi ló wà nílẹ̀ níjọ́ náà, etí mi kò sí nílẹ̀."

Prisca bú sẹ́kún. Ó ní ìdí tí òun fi fẹ́ lọ sí Àjàṣẹ́ nìyẹn, níbi tí wọ́n ti bọ̀wọ̀ fún ìyá òun.

"Àwọn ọmọ yẹn kí mi, mo sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ta ló ní kí o lọ fi gbogbo ìwé tí o fẹ́ kà bẹ̀ mí?" Ìyá gbójú sókè wàyí, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ó dùn mí, Prisca. Ó dùn mí gan-an. Tí o bá fẹ́ bẹ̀ mí, èmi rèé. Bẹ̀ mí níbí, kí o sì máa lọ sí Kútọ́nù ẹ."

Prisca kúnlẹ̀ sáàárín ẹ̀gún àti èso ẹyìn. Ó ní, "Ẹ má bínú." Ó retí kí ìyá tètè fa òun dìde bí àwọn ìyá ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n Oyèfúnkẹ́ kò fọwọ́ kàn án. Ó fa ìdì mìíràn mọ́ra, ó ń já a lọ, títí eékún ọmọ fi ń ta á.

"Tí mo bá wá wò ọ́ ní Kútọ́nù ńkọ́?" ni ìyá bi í níkẹyìn.

"Màá kúnlẹ̀ kí yín lójú gbogbo wọn."

Oyèfúnkẹ́ ti agbọ̀n sọ́dọ̀ rẹ̀.

"A óò rí i," ló wí. "Dìde, jẹ́ ká parí ẹyìn yìí."