Ta Ló Bá Yín Wá?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kẹta rèé tí Láwùmí ń tò síwájú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba káàdì nílé ìwòsàn ọpọlọ. Ìbéèrè méjì péré ló ń lé e padà: níbo lẹ̀ ń gbé, ta ló bá yín wá? Iwájú ṣọ́ọ̀bù olówùú ìránṣọ kan ní àdúgbò Challenge ló ń sùn láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ẹ bá mi rò ó wò: ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ lọ wá ilé àti ẹbí wá.

Kì í kúkú ṣe pé kò lẹ́bìí. Òkè Àdó ni ilé wọn. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́ ni àwọn àna Wùnmí, àbúrò rẹ̀, ń bọ̀ wá ṣe ìwádìí, bí wọ́n ti máa ń ṣe kí wọ́n tó gbéyàwó. Ta ni yóò fẹ́ ọmọ ilé tí wèrè wà? Láwùmí di ẹrù, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ojoojúmọ́ ló ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kí Alhaja Zùwáírátù tó ni ín tó dé. Lánàá, Alhaja bá a níbi tó ti ń sunkún pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó sì bi í léèrè ohun tó ṣe é. Lónìí, ó tẹ̀ lé e wá.

"Ṣọ́ọ̀bù mi ni kẹ́ ẹ kọ," Alhaja sọ fún akọ̀wé. "Èmi ni mo bá a wá."

"Kí lẹ jẹ́ sí i, mà?"

"Ó ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù mi láràárọ̀. Àwọn tí mo bí ò gbá a rí."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́. "Ó ku nọ́ńbà ẹnì kan nínú ẹbí."

Ẹ̀rù ń ba Láwùmí, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ka nọ́ńbà Wùnmí, akọ̀wé pè é, ó sì na fóònù sí i.

"Wùnmí, èmi ni. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ni mo wà. Má jẹ̀ẹ́ kí àwọn àna rẹ gbọ́."

Wùnmí kọ́kọ́ sunkún. "Wọ́n ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo sọ fún wọn. Ìyá ọkọ mi ní àwọn ò ní dá ọjọ́ ìgbéyàwó àfi tẹ́ ẹ bá wà níjòókòó pẹ̀lú wa. Wọ́n ti bá wa wá yín dé Apẹ̀tẹ̀. Ẹ má kúrò níbẹ̀, mo ń bọ̀."

Oṣù mẹ́jọ ló ti fi ń sá fún àwọn tó ń wá a. Ó bú sẹ́kún, kò sì fi pamọ́. Nọ́ọ̀sì pe orúkọ rẹ̀.

Alhaja gba báàgì ọwọ́ rẹ̀. "Dá wọn lóhùn, ìwọ ni wọ́n ń pè. Àbúrò rẹ á bá mi níbí."