Ẹsẹ̀ Tó Wọ Ilé Àwọ̀n

"Tumini, mo tún ń bi ọ́: ta ló wọ ilé àwọ̀n láì ki ẹsẹ̀ bọ omi oògùn?"

Ọ̀gá Hartati kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo, torí ẹni tó bá ń pariwo, ó máa tó rẹ̀ ẹ́. Ohùn jẹ́jẹ́ yìí kì í tán bọ̀rọ̀. Tumini dúró níwájú tábìlì, ó káwọ́ méjèèjì mọ́ àyà. Òun ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé àwọ̀n ní ibùdó ìwádìí irúgbìn pòtétò lórí òkè Dieng. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé kọ́kọ́ ki bàtà rẹ̀ bọ inú basíà oògùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń ṣe é.

"Mi ò mọ̀, mà," ni Tumini wí.

"O ò mọ̀. Irinwó igi pòtétò la fà tu lánàá tá a dáná sun. Irúgbìn tá a ti ń tọ́jú bọ̀ láti ọdún méjì! O ò mọ̀."

Winarsih dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó mú ìwé ìwádìí lọ́wọ́. Òun ló ń yẹ àrùn wò ní ibùdó náà. Òun ló rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ewé igi mẹ́ta ti rọ lọ́sàn-án gangan, bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ìdí wọn tutù rinrin. Ó mọ ohun tó pa wọ́n. Ó sì mọ ẹni tó gbé e wọlé, ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹnu rẹ̀ ló kọ̀ tí kò ṣí.

"Tó bá di Ọjọ́bọ̀ tí mi ò tíì mọ ẹni náà," ni Ọ̀gá Hartati wí, "wàá gba ìwé lọ sílé."

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n sọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí àsìkò oúnjẹ ọ̀sán tó, Winarsih bá Tumini lẹ́yìn ilé ìdáná. Tumini ń jẹ témpè díndín, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n mú dì pọ̀, ó ń fi ata tútù jẹ ẹ́ bí ẹni tí kò sí wàhálà kankan lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ jókòó, Ìyá Laras. Ẹ ò ní kú tẹ́ ẹ bá jókòó tì mí," ni Tumini wí fún Winarsih.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Kí n sọ kí ni? Pé bàbá ọkọ yín ni? Níbi tẹ́ ẹ dúró sí bí òpó yẹn?" Tumini tún gé témpè jẹ. "Ẹni tó lẹ́nu ni kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Èmi ò ní bá yín sọ ọ́. Mo kàn ń wò yín ni."

Ojú ti Winarsih, ó kúrò níbẹ̀ láì jẹun.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, Bàbá Sarwadi ti oko bọ̀, ó yà sí ibùdó láti gbé ẹ̀pà bíbọ̀ fún Winarsih, ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ta ni kò mọ Bàbá Sarwadi lórí òkè yìí? Bí àsìkò gbígbìn bá ti dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni tọmọdé tàgbà ti ń gba irúgbìn. Lọ́jọ́ náà, ó ní òun fẹ́ wo àwọn pòtétò ọba tí wọ́n fi àwọ̀n bò. Tumini na ọwọ́ sí basíà. Bàbá wo basíà, ó wo bàtà rọ́bà rẹ̀ tí ẹrẹ̀ oko ti bò, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Háà! Ṣé ẹ fẹ́ wẹ̀ mí bí ọmọ tuntun ni? Àádọ́ta ọdún tí mo ti ń gbin pòtétò, èmi náà lẹ fẹ́ sọ pé mo dọ̀tí?"

Àwọn òṣìṣẹ́ ń wò wọ́n. Lọ́dọ̀ wa níbí, obìnrin kì í dúró ní gbangba sọ fún bàbá ọkọ rẹ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ́. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Winarsih gan-an ló kọ òfin basíà yẹn, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Òun náà ló yíjú sí Tumini tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí Bàbá máa wọlé." Ohun tó sọ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kòkòrò tó ń mú kí pòtétò rọ kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, ẹrẹ̀ abẹ́ bàtà sì tó o gùn délé onílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé yẹn náà, Winarsih mú ọ̀bẹ àti gíláàsì kan, ó gba oko bàbá ọkọ rẹ̀ lọ. Kùrukùru ti sọ̀ kalẹ̀ bo etí òkè. Ó ń gbàdúrà lọ́nà pé kí òun má rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kó tó dé àárín oko ló ti rí igi tó rọ, ọ̀kan níbí, méjì lọ́hùn-ún.

"Ìyàwó, kí lo fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe lóko mi?" Bàbá Sarwadi fi ọkọ́ tilẹ̀, ó nà ró.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo nǹkan kan."

Ó gé igi kan lókè gbòǹgbò, ó tẹ ojú ibi tó gé bọ inú omi mímọ́ tó wà nínú gíláàsì, kò sì jẹ́ kó mì. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wò ó. Kò pẹ́ tí nǹkan funfun fi bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara igi náà sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, tín-ín-rín bí òwú. Kòkòrò ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kò ya Bàbá Sarwadi lẹ́nu. Ìyẹn gan-an ló dun Winarsih jù.

"Bàbá, ẹ ti mọ̀."

"Mo mọ̀ pé ilẹ̀ náà kò gbádùn. Láti ọdún tó kọjá. Mo rò pé òjò ni."

"Òjò kọ́, Bàbá."

"Mo ní mo rò pé òjò ni!" Ó yíjú kúrò lára gíláàsì náà. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Má kọ orúkọ mi síwèé, ọmọ mi. Ilé mélòó ló ń gba irúgbìn lọ́wọ́ mi? Ojú wo ni màá fi wò wọ́n? Obìnrin ẹnu ọ̀nà yẹn ni kò ṣọ́nà. Ẹ jẹ́ kó gbé ẹrù rẹ̀."

Inú bí Winarsih, kò tíì bí i sí bàbá yìí bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn. "Ó ṣọ́nà, Bàbá. Ó na ọwọ́ sí basíà. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ kọjá."

Bàbá gbé ọkọ́ rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i, ó ń ro oko lọ.

Winarsih gbé igi náà padà sí ibùdó. Ó ro kòkòrò rẹ̀ sínú àwo oúnjẹ kòkòrò kó lè hù, ó gbé e ti èyí tó mú nílé àwọ̀n. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, méjèèjì ti hù, funfun bí wàrà, pupa láàárín. Ṣùgbọ́n pé nǹkan méjì jọra kò tíì sọ wọ́n di ọmọ ìyá. Kòkòrò náà ní àmì ìdílé tó gbé sínú, tí ẹ̀rọ lè kà, ti oko kan kì í sì í bá ti oko mìíràn mu délẹ̀délẹ̀. Winarsih kó kòkòrò oko mẹ́ta mìíràn jáde nínú fìríìjì, èyí tó ti tọ́jú láti ọdún tó kọjá, ó yẹ gbogbo wọn wò pọ̀. Mẹ́ta yẹn yàtọ̀. Ti Bàbá Sarwadi àti tilé àwọ̀n kò fi bí orí abẹ́rẹ́ yàtọ̀. Ó tún un ṣe, ó ń wá ibi tí òun ti ṣì í. Kò rí ibì kankan.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Tumini ti di ife tíì rẹ̀ àti sálúbàtà rẹ̀ sínú ọ̀rá. Ọ̀gá Hartati ti mú bírò. Winarsih wọlé láì jẹ́ pé wọ́n pè é.

"Ọ̀gá, ẹ má kọ ìwé yẹn. Bàbá ọkọ mi ló fi bàtà oko wọlé. Ẹ̀gbọ́n Tumini dá wọn dúró. Èmi ni mo ní kí wọ́n kọjá."

Ọ̀gá Hartati gbé bírò sílẹ̀. "Ìwọ tó o kọ òfin."

"Èmi ni, mà."

"O sì jókòó, ò ń wò mí, mò ń halẹ̀ mọ́ obìnrin yìí láti ọjọ́ Ajé."

Omijé bọ́ lójú Winarsih. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O ò ní wọ ilé àwọ̀n fún ọdún kan. Oko ni wàá wà, wàá máa bu erùpẹ̀ pẹ̀lú àwọn lébìrà. Jókòó síbẹ̀ yẹn kó o kọ gbogbo rẹ̀: ta ni, oko wo, ọjọ́ wo. Pòtétò oko tó bá ní àrùn yìí, jíjẹ nìkan ló wà fún. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbìn ín."

Winarsih kọ ọ́. Nígbà tó dé ibi orúkọ, ó kọ ọ́ ní kíkún. Tumini ń tú ọ̀rá rẹ̀ nígbà tí Winarsih jáde.

"Ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé, Ìyá Laras," ni Tumini wí. "Ṣùgbọ́n ẹ dé."

Ọkọ Winarsih ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní ìlú Semarang, nítorí náà òun àti bàbá ọkọ rẹ̀ àti Laras ọmọ rẹ̀ nìkan ló wà nílé. Níbi oúnjẹ alẹ́, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, mo ti kọ ọ́." Bàbá Sarwadi dìde nídìí ìrẹsì, ó wọ yàrá lọ. Kò bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, àwọn ará àdúgbò dé pẹ̀lú àpò wọn. Wọ́n tó mẹ́jọ. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣàwàdà, wọ́n ń bá ara wọn jà lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ ṣa irúgbìn. Winarsih gbé tíì fún wọn.

"Bàbá ńkọ́?" ni ìyá àgbà kan bi í. "Ṣé oorun ló ń sùn ni? Òjò kò ní dúró dè wá o!"

Bàbá Sarwadi wúkọ́ nínú yàrá, gbogbo wọn gbọ́. Kò jáde. Winarsih wo àwọn àpò náà. Bí wọ́n bá kó irúgbìn yìí lọ, oko mẹ́jọ ló máa kó àrùn. Bẹ́ẹ̀, ta ni òun, ìyàwó ilé lásán, tí yóò ti ilẹ̀kùn àká bàbá ọkọ rẹ̀? Ó gbé abọ́ tíì sílẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Irúgbìn tọdún yìí—"

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí.

"Dìde, ìyàwó," ni Bàbá Sarwadi wí. "O ti sọ tìrẹ. Jẹ́ kí n sọ tèmi."

Ó jáde síta. Ojú rẹ̀ pọ́n, kò sì jókòó sórí àga tí wọ́n sún fún un.

"Ẹ ká àpò yín," ó ní. "Ilẹ̀ mi ń ṣàìsàn. Mo ti mọ̀ láti ọdún tó kọjá, mo sì fún yín gbìn bẹ́ẹ̀."